Ìka Tí Kì Í Ká Lówùúrọ̀

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Kubwa, Àbújá

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò kúrò lọ́kàn mi lónìí. Aránṣọ ni wọ́n, ọwọ́ yìí ni wọ́n sì fi ń jẹun. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ráhùn pé ìka àwọn máa ń gan, wọn a sì ní, "Àbúrò mi, ọyẹ́ ni, bá mi mú róòbù wá." Láàárọ̀ yìí, àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ti ẹnu ẹ̀rọ omi, nítorí pé ìka kò lè dì í mú, èmi ni mo sì bá wọn de bọ́tìnnì bùbá. Oríkèé ìdí ìka wọn wú, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí mo fọwọ́ bà á, bí tọ̀tún sì ṣe rí ni tòsì rí. Ó di nǹkan bí agogo mẹ́wàá kí wọ́n tó lè di sísọ́ọ̀sì mú.

Èyí ti kọjá ti ọyẹ́. Oríkèé tí ọjọ́ orí tàbí iṣẹ́ ti mú gbó náà máa ń gan lówùúrọ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà ju ìṣẹ́jú 30 lọ kí ó tó nà, ìrora rẹ̀ a sì pọ̀ sí i lẹ́yìn iṣẹ́. Irú làkúrègbé tí àwọn oníṣègùn ń pè ní rheumatoid arthritis yàtọ̀: ohun tó yẹ kí ó máa dáàbò bo ara ni ó ń bá awọ inú oríkèé jà, ìdí nìyí tí gbogbo ara fi máa ń rẹ aláìsàn, tí oúnjẹ kì í wù ú, tí ibà díẹ̀ sì máa ń mú un, èyí tí àwa máa ń sáré ra oògùn ibà sí. Ó máa ń mú obìnrin tó ìlọ́po 2 sí 3 ju ọkùnrin lọ.

Oògùn inú ìgò tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀ Nyanya ni ó bà mí lẹ́rù jù. Bí ẹnì kan bá ti po steroid, ìyẹn oògùn líle tó ń mú wíwú rọlẹ̀, mọ́ ọn láìsọ, wíwú náà lè lọ kíákíá, kí aláìsàn sì rò pé òun ti gbádùn, nígbà tí eegun ń bà jẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Mo ti kọ ohun tí wọn yóò sọ fún dókítà ní Gwagwalada sílẹ̀: oríkèé tó ń ro, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bí gígan náà ṣe ń pẹ́ tó. A ó béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń wá irú làkúrègbé yìí, rheumatoid factor àti anti-CCP, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn náà lè wà kí àyẹ̀wò má fi hàn. Ẹ̀gbọ́n mi ní aṣọ ìyàwó kan wà nílẹ̀ tí àwọn gbọ́dọ̀ rán. Mo ní kí ọmọṣẹ́ wọn parí rẹ̀, ọjọ́ Ajé la ó lọ.