Omi ló fọ́ ìkòkò mi o, kì í ṣe orí burúkú

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ fẹ́ràn kẹ́ ẹ máa fi ohun amọ̀ àti ohun oríire ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ bíi tèmi, ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ báyìí tó ṣì gbóná.

Orí sẹ́lífù pálọ̀ ni mo to tèmi sí. Erin amọ̀ tó gbé ọwọ́jà sókè, ère ológbò Jàpáánù tó na ọwọ́ ọ̀tún sókè (wọ́n ní ìyẹn ló ń pe owó, tòsì ló ń pe oníbàárà), irin bàtà ẹṣin, ojú búlúù onídígí táwọn ará Tọ́kì fi ń lé ojú burúkú, ìkòkò amọ̀ ńlá kan sì wà láàárín tí mo ki òdòdó tútù bọ̀. Ẹni tó tà á fún mi fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ó ń gba omi dúró. Irọ́ gbuu!

Màmá ọkọ mi wá kí wa, àwọn àbúrò ọkọ mi náà wà ńbẹ̀, a ń ṣe yẹ̀yẹ́, a ń rẹ́rìn-ín, la bá gbọ́ gbàgà! Sẹ́lífù já lápá kan, gbogbo ẹrù orí ẹ̀ bá yọ̀ tẹ̀lé ara wọn, erin fọ́, ológbò fọ́, ìkòkò wó lé wọn lórí, omi ṣàn dé ẹsẹ̀ Màmá. Gbogbo ilé dákẹ́. Mo kúnlẹ̀ mò ń ṣa àfọ́kù, ni Màmá bá ní, "Ìyàwó, gbogbo ohun tó o ní ó ń mú oríire wọlé ló fọ́ lẹ́ẹ̀kan yìí o. Ẹ yẹ ara yín wò." Àbúrò ọkọ mi kan gbà á lẹ́nu wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí ò lọ déédéé nílé wa, iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, àìsàn ọmọ, ó ń tò ó bí ẹni tó ń ka gbèsè fún onígbèsè. Ọkọ mi ò fọhùn. Ìyẹn ló dùn mí jù, àní ju ìkòkò lọ, àfọ́kù ti gé mi lọ́wọ́ mi ò tiẹ̀ mọ̀ àfìgbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ọkọ mi yẹ ibẹ̀ wò, ó rí i pé pákó tó wà lábẹ́ ìkòkò ti mu omi, ó ti wú, ó ti rọ̀, ìṣó ò rí ibi dì mú mọ́. Ó bẹ̀ mí. Ó tán.

Ẹ gbọ́ o, amọ̀ tí wọn ò fi kùn dídán bò nínú máa ń mu omi. Èyí tí wọ́n sun ní nǹkan bíi 1,000 digírì, ihò wẹ́wẹ́ ṣì wà lára ẹ̀, omi á máa rọra gba ibẹ̀ jáde, ẹ ò ní rí i lójú. Èyí tí wọ́n sun kọjá 1,200 ló máa ń di dáadáa. Tẹ́ ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun lára ìkòkò yín, iyọ̀ tí omi gbé jáde ni, ẹ má pè é ní àmì kankan. Ẹ bu omi sí i, ẹ gbé e lé ìwé ìròyìn di àárọ̀. Tí ìwé bá tutù, ẹ fi ike sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi òdòdó tútù sí i.

Ẹ tún fi ìka kàn án kẹ́ ẹ tó rà á, èyí tó pé á dún gbangba, èyí tó ti sán á dún kú. Ṣùgbọ́n omi yẹn ṣáá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Ohun oríire ńkọ́? Ó wù mí ni, ó rẹwà, mi ò ní tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń sọ òfin ẹ̀ gan-an ò fẹnu kò, àwọn kan ní kí ẹnu irin bàtà ẹṣin kọjú sókè kí oríire má dà nù, àwọn kan ní kó kọjú sílẹ̀ kó lè dà lé èèyàn lórí. Amọ̀ tó bá fọ́, ó fọ́ náà nìyẹn. Àwọn ère ọmọ ogun amọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú jáde ní China lọ́dún 1974, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló ti fọ́, wọ́n lẹ̀ wọ́n pọ̀ ni, gbogbo ayé ló sì ń lọ wò wọ́n.

Ilẹ̀ ni ìkòkò ńlá ń gbé báyìí. Àbúrò ọkọ mi yẹn ò tíì bẹ̀ mí o, mo sì ń retí ẹ̀.