Ohun Tí Mo Ń Wọ̀n Kí N Tó Ra Ẹ̀yà fún Ilẹ̀kùn Gáréèjì

Ọ̀kan nínú sípíríǹgì méjì tó ń gbé ilẹ̀kùn gáréèjì ilé mi ti kán, mo sì ti ń múra láti ra òmíràn. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé àwọn ìbéèrè tí ọlọ́jà ń béèrè kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè fi ojú lásán wo ilẹ̀kùn kí ó sì dáhùn. Bí ẹ bá sọ fún un pé ilẹ̀kùn yín ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7, tí ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 16, ọ̀rọ̀ kò tíì kúrò lójú kan, nítorí pé ilẹ̀kùn méjì tí gíga àti fífẹ̀ wọn dọ́gba lè jìnnà síra wọn ní ìwúwo: ọ̀kan lè jẹ́ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí èkejì jẹ́ igi, tàbí páànù tí wọ́n ki fóòmù sí nínú. Ìwúwo ni sípíríǹgì ń gbé, kì í ṣe gíga.

Sípíríǹgì tèmi jẹ́ irú èyí tí a fi ọ̀pá irin kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà, tí a sì ń yí kí ó lè lágbára. Ohun mẹ́rin ni a ní láti mọ̀ nípa rẹ̀: bí wáyà rẹ̀ ṣe nípọn tó, bí inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, gígùn rẹ̀, àti apá ibi tí ó yí sí.

Nínípọn wáyà ni ó gba sùúrù jù. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wáyà 0.243 ínṣì àti 0.250 ínṣì kò ṣeé fi ojú rí, bẹ́ẹ̀ ni tépù kò lè fi í hàn lórí òrùka kan ṣoṣo, ìyẹn ibi tí wáyà ti yí po lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ibi tí àwọn òrùka ti fara mọ́ra láìsí àlàfo ni a ó ti ka 20, a ó sì wọn gígùn gbogbo wọn pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ínṣì 5 gééré, wáyà náà jẹ́ 0.250, bí ó bá jẹ́ 4⅞, ó jẹ́ 0.243. Lẹ́yìn náà ni a ó wọn òrùka 10 níbòmíràn, tí kò bá sì jẹ́ ìdajì ti àkọ́kọ́, kíkà náà kò péye, a ó tún un kà.

Fún gígùn, èyí tó kán ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ wọn apá méjèèjì, kí ẹ rò wọ́n pọ̀, kí ẹ má sì fi orí álúmíníọ̀mù tó yọ síta kún un. Èyí tí kò tíì kán ṣì wà ní yíyí, gbogbo ìyí kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń fi nínípọn wáyà kan kún gígùn rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹsẹ̀ bàtà 7 máa ń gba nǹkan bí ìyí méje àti ààbọ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé sípíríǹgì wáyà 0.250 lè fi ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ínṣì 2 gùn ju bí ó ṣe rí gan-an lọ. Fífẹ̀ inú rẹ̀ kò ni mí lára: ínṣì 1¾ tàbí 2 ni ó wọ́pọ̀ nínú ilé. Ní ti apá tí ó yí sí, mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀tún àti òsì sára wọn, torí èyí tí a ṣe fún apá kan kò lè ṣiṣẹ́ ní apá kejì.

Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó fi sípíríǹgì yìí sí i tẹ́lẹ̀ má fi èyí tó yẹ sí i. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ gbé ilẹ̀kùn náà lé òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n kí a tó lè ṣe é, a gbọ́dọ̀ tú agbára inú sípíríǹgì kejì, ó sì wà níbẹ̀ bí ọrun tí wọ́n fà tí wọn kò tíì ta. Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe ti ẹni tó ń fi sikirudíráfà dánra wò. Mo ti bẹ oníṣẹ́ kan tó ní ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń yí i.

Méjèèjì ni màá rà pọ̀, nítorí ọjọ́ kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Sípíríǹgì tó wọ́pọ̀ ni wọ́n ń ṣe fún ṣíṣí àti títì ìgbà 10,000. Ilé tó ń ṣí ilẹ̀kùn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ yóò lo ìyẹn tán kí ọdún 7 tó pé. Àwọn kan wà tó ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí wáyà wọn nípọn tí wọ́n sì gùn sí i, ṣùgbọ́n a kò lè so ọ̀kan nínú wọn pọ̀ mọ́ ògbólógbòó.

Àwọn ẹ̀yà yòókù kò le tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà wà lára ìdè tó so pátákó ilẹ̀kùn pọ̀, òun ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Róólà gba kí a wọn gígùn ọ̀pá rẹ̀ àti fífẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ róbótó tó ń yí. Okùn irin ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tèmi ti ń ya ní ìsàlẹ̀, màá sì ra méjì, ṣùgbọ́n n kò ní fọwọ́ kan irin tó dè é mọ́lẹ̀ nígbà tí agbára ṣì wà nínú sípíríǹgì.

Mo ti ya fọ́tò gbogbo wọn pẹ̀lú tépù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìwúwo ilẹ̀kùn nìkan ni ó ṣẹ́kù kí n tó sanwó.