Síkẹ́ẹ̀tì Tí Mo Gbẹ́sẹ̀ Lé

Ibi tí eéwo yẹn ti sọ mí, n ò lè fi han ẹlòmíì yàtọ̀ sí ìyàwó mi. Itan òsì ni, lápá inú, lókè pátápátá, níbi tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì ti ń pàdé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti tó àgbálùmọ̀ kékeré, ó pọ́n, ó ń dán, ó sì ń mí. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń mí. Bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, mò ń gbọ́ ọ tó ń lù kì, kì, kì bí aago ara ògiri.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ti orí síkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀, torí òun ló kọ́kọ́ wọlé wa.

Nínú oṣù Kejìlá, ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń kàwé ní Yunifásítì Ifẹ̀, wá kí wa ní Iléṣà. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lójú gbogbo àdúgbò, irunmú ń bẹ lójú ẹ̀, bàtà kámúbáàsì ń bẹ lẹ́sẹ̀ ẹ̀, síkẹ́ẹ̀tì pupa fòò sì ń bẹ ní ìdí ẹ̀. Oníṣẹ́po ni, ó gùn kọjá orúnkún. Aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Atakúmọ̀sà, nítorí náà mo fọwọ́ tọ́ ọ wò kí n tó bínú. Kọ́tìnì gidi ni, ó tó yáàdì mẹ́rin. Ẹni tó rán an mọ iṣẹ́. Ìgbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò tán ni mo wá bínú.

Mo ní, "Kí lèyí?"

Ó ní, "Síkẹ́ẹ̀tì ni, Dádì."

Mo ní mo ti rí i pé síkẹ́ẹ̀tì ni, ta ló ni ín? Ó ní òun lòun ni ín. Ó ní àwọn ọkùnrin ti ń wọ̀ ọ́ báyìí, ọkùnrin kì í ti inú ṣòkòtò wá.

Ẹ ò rí i, ọmọ tí wọ́n bá ti rán lọ sí yunifásítì kì í jẹ́ kéèyàn bínú tẹ́rùn. Kí n tó la ẹnu, ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn ọkùnrin Scotland ń wọ̀ ọ́, wọ́n sì wọ̀ ọ́ lọ sójú ogun. Ó ní àwọn ṣọ́jà tó ń ṣọ́ ilé ìjọba ní Gíríìsì, tiwọn ní ìṣẹ́po 400. Ó ní kí n má tiẹ̀ lọ jìnnà, ṣé àwọn ọkùnrin Urhobo àti Ìjọ̀ kì í ró ìró lọ síbi ayẹyẹ ni? Ó wá gbé èyí tó rò pé ó máa pa mí lẹ́nu mọ́ kalẹ̀: "Dádì, ère idẹ Ọọ̀ni tí wọ́n hú ní Ìta Yemòó lọ́dún 1957, ìró ló ró. Ṣòkòtò kankan ò sí níbẹ̀."

Mo ní, "Ọọ̀ni nìyẹn. Ìwọ ńkọ́?"

N ò jẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà gún mi níbì kan. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá arúgbó kan wà ládùúgbò wa tó bá wọn ja ogun Hitler dé Bọ́mà. Bàbá yìí máa ń sọ fún wa pé gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ ló ń ró ìró, àtolówó àti tálákà, wọn á fi roko, wọn á fi gun òkè, kò sì sẹ́ni tó ń pè wọ́n lóbìnrin. Mo rántí i, mo sì gbé e mì. Mo wá fi àgbà jókòó, mo ní, "Àwọn bàbá wa ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Tìẹ ò lápò. Níbo la ti fẹ́ wá a?"

Ó dákẹ́. Mo gbẹ́sẹ̀ lé síkẹ́ẹ̀tì náà, mo kó o sínú àpótí tí mò ń kó ìwé gbèsè mi sí, mo sì yá a ní ṣòkòtò mi kan tó fi padà sí Ifẹ̀. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ rọra o." Mo ní kó fi mí sílẹ̀, ọmọ ọkùnrin ni mò ń tọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni eéwo dé.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta eéwo, ẹnìkan pè mí lórí fóònù pé káfíńtà tó jẹ mí ní náírà 38,500 fẹ́ ká ẹrù lọ sí Èkó láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mọ́tò àkọ́kọ́ ló máa wọ̀. Owó aṣọ ìgbéyàwó àbúrò ẹ̀ ni, láti ìgbà Iléyá. Òṣómàáló ni bàbá mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn Ìjẹ̀ṣà mọ ohun tí mò ń sọ: àwọn tó ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí ọjọ́ owó bá sì pé, wọn á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn ò ní jókòó, wọn ò ní dìde, àfi kówó jáde. Ibi tí orúkọ wọn ti wá nìyẹn. Ṣé kí èmi ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí káfíńtà bá owó mi wọ mọ́tò?

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, kò síná. Mo gbé ṣòkòtò àkọ́kọ́, n ò tíì fà á dé orúnkún tí mo fi mọ̀ pé irọ́ ni. Mo gbé ṣòkòtò mìíràn tó fẹ̀ dáadáa. Ìránpọ̀ ẹ̀ fara kan eéwo, mo rí ìràwọ̀. Ìyàwó mi ní kí n ró ìró òun. Ọdún 22 ni mo ti ń ta ìró fáwọn obìnrin, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Irọ́ ńlá. Àṣírí kan wà nínú ìró ríró tí àwọn obìnrin ò sọ fún wa: bí wọ́n ṣe ń fa ikùn wọlé, tí wọ́n ń lọ́ etí aṣọ, tí wọ́n á kì í bọ ìbàdí, tí wọ́n á sì fi pọn ọmọ, ru igbá, bá èèyàn jà, tí kò ní já. Tèmi já kí n tó dé géètì. Ó já lẹ́ẹ̀kejì níwájú ajá ilé kejì, ajá náà ò tiẹ̀ gbó.

Mo padà sílé, mo ṣí àpótí.

Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbé tọ́ọ̀ṣì sókè kí n lè ríran dáadáa. Mo fa síkẹ́ẹ̀tì náà sọ́rùn ìdí, ìrọ́bà ẹ̀ dì mí mú, aṣọ sì là kúrò lára eéwo bí ìgbà tí wọ́n ta agboòrùn lé e lórí. Ẹ jọ̀ọ́, n ò ní purọ́ fún yín. Atẹ́gùn wọlé. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ara tù mí kẹ́yìn.

Mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun, mo gbé àpò awọ tí mò ń kówó sí kọ́ èjìká, mo mú ọ̀pá yáàdì mi dání nítorí àwọn ajá yòókù. Mo dá ọ̀kadà dúró, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ jókòó bíi ti àwọn ìyá àgbà, torí eéwo ò gbà kí n la ẹsẹ̀. Ọlọ́kadà ní, "Màmá, ṣé ẹ ti jókòó dáadáa?"

Mo fi ohùn gbẹ̀du yìí ní, "Mo ti jókòó."

Ọ̀kadà yà sápá ọ̀tún, ó yà sápá òsì. Ọmọkùnrin náà ò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Ìsọ̀kun. Nígbà tí mo na owó sí i, ó ní kí n máa mú un lọ.

Mo lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà káfíńtà. Níbẹ̀ ni mo ti mọ ohun kan: síkẹ́ẹ̀tì dára fún òṣóò ju ṣòkòtò lọ. Kò fún, kò fà, kò ya nídìí. Mo rántí kẹ̀ǹbẹ̀ bàbá mi, bó ṣe fẹ̀ tó, mo sì rí i pé síkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rán àárín ẹ̀ pọ̀ díẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń wọ̀ kiri ìlú yẹn. Ọyẹ́ ń fẹ́, mo tẹ́ ìṣẹ́po yí ara mi ká, mo ń retí.

Ilẹ̀kùn ṣí. Kì í ṣe káfíńtà. Ìyá arúgbó kan ló jáde, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyá káfíńtà ni. Ọmọ Ẹdẹ ni màmá, ìlú Tìmì, níbi tí Ṣàngó kì í ti í ṣe ọ̀rọ̀ àlọ́, ìyẹn ni n ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ojú tiẹ̀ wò mí nínú ìkùukùu ìdájí yẹn: síkẹ́ẹ̀tì pupa, síńgílẹ́ẹ̀tì funfun, àpò awọ ní èjìká bíi làbà Ṣàngó, igi lọ́wọ́. Bó ṣe fẹ́ béèrè pé ta nìyẹn, wọ́n múná dé. Tírànsífọ́mà tó wà lórí òpó lẹ́yìn mi bú gbàù, iná ṣẹ́ yẹ̀rì, gbogbo àdúgbò mọ́lẹ̀, ó sì tún ṣókùnkùn.

Ìgbálẹ̀ bọ́. Màmá kúnlẹ̀. "Káwòó o! Kábíyèsí o!"

N ò purọ́ fún màmá. N ò sọ̀rọ̀ rárá ni. Ẹ̀rù tírànsífọ́mà ṣì wà lára mi.

Ìyá ké wọ inú ilé pé kí ọmọ òun jáde wá jẹ́wọ́, kí ló jí, ta ló parọ́ fún, Ṣàngó kì í bá olè àti òpùrọ́ ṣeré. Káfíńtà yọ láti ẹ̀yìnkùlé, báàgì lọ́wọ́, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́sẹ̀. Ó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó jẹ́wọ́ owó aṣọ mi láìmọ̀ pé èmi ni. Ó jẹ́wọ́ pákó tó kó láwìn. Ó jẹ́wọ́ owó àsansílẹ̀ tí ẹnìkan san fún kọ́bọ́ọ̀dù tí kò tíì kàn láti ọdún méjì. Ó jẹ́wọ́ àgbàdo tó jí ya lóko ẹni ẹlẹ́ni nígbà tó wà ní pámárì. Ó ka 35,000 sílẹ̀ níwájú mi, ó ní kí Kábíyèsí bá òun dárí ji 3,500 yòókù di ìrọ̀lẹ́.

Mo kó owó sínú àpò. Òṣómàáló ò ní dá owó padà tórí pé wọ́n ṣì í mú fún Ṣàngó.

Màmá gbé orógbó wá nínú àwo. Ó dorí kodò, ó ní, "Kí ni Kábíyèsí yóò jẹ, kí n tètè gbé e kaná?"

Ebi ń pa mí. Àfi bí ẹni pé ẹlòmíì ló gba ẹnu mi sọ̀rọ̀, mo ní, "Uyán."

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

Màmá gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀. "Uyán? Ṣàngó tí ń jẹ àmàlà ló ń béèrè uyán?" Ó sún mọ́ mi, ó wo orí mi. Orí mi pá. "Ẹlẹ́gùn Ṣàngó wo ni kò di irun?" Ó nàró, ó na ìka sí mi. "Ìjẹ̀ṣà ni ọ́!"

Káfíńtà gbé ojú sókè láti orí ilẹ̀, ó ní, "Haà, Bàbá Ìbejì!"

Mo fẹ́ fò dìde kí n sá. Eéwo wá rí i pé àkókò òun ti tó, ó tú. Ẹ má jẹ́ n ṣàlàyé. Igbe tí mo ké, gbogbo Ìsọ̀kun ló gbọ́, àmọ́ ìtura tó tẹ̀ lé e, ọba ni mí fún ìṣẹ́jú kan lóòótọ́.

Màmá yìí náà ló gbé omi gbóná wá, tó ní kí n fà á sókè kí òun rí i, òun ti tọ́ ọkùnrin mẹ́rin dàgbà. Ó ń rẹ́rìn-ín débi pé omi ń dà nù. Ó ní ẹlẹ́gùn ni bàbá òun ní tòótọ́. Ó máa ń di irun bí obìnrin, ó máa ń wọ yẹ̀rì, ìyẹn síkẹ́ẹ̀tì tiwọn, jó lójú agbo, ìyàwó Ṣàngó ni wọ́n ń pè é.

Mo ní, "Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. "Ìyàwó tó ní ìyàwó mẹ́ta nílé? Ta ló láyà ẹ̀? Fa ẹsẹ̀ rẹ síbí."

Káfíńtà san 3,500 lọ́jọ́ kejì. Kò lọ sí Èkó mọ́, ìyá ẹ̀ ní kó kọ́kọ́ lọ kan kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé lásìkò Àjíǹde. Ó rọra béèrè síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ojú ẹ̀ wálẹ̀. Mo gbé e fún un, a ti fọ̀ ọ́, a ti lọ̀ ọ́, ìṣẹ́po ẹ̀ dúró ṣánṣán. Ó ń wò mí. Mo ní, "Télọ̀ tó rán èyí, ṣé ó lè fi àpò sí i? Méjì, kó jìn, kí ìwé gbèsè lè wọ̀ ọ́. Má sì jẹ́ kó jẹ́ pupa."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ṣubú lulẹ̀. Mo ní kó dìde, kó wá mú téèpù, kó wọn ìbàdí mi. Ó wọ̀n ọ́n, ó ní 38. Mo ní kó kọ 40 sílẹ̀, nítorí uyán.