Ẹsẹ 10 Tí Ẹnikẹ́ni Kì í Fi Ránṣẹ́

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin màmá mi, orí tábìlì ni mo gbé fóònù sí kí n lè máa wo ìsìnkú náà, mo fi ife gbè é lẹ́yìn kó má bàa ṣubú. Ìwé ìrìnnà mi wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún pépà ìgbélùú mi ṣe, mi ò sì lè kúrò ní ìlú onílùú. Bí wọ́n ṣe ń sọ pósí náà kalẹ̀ báyìí ni íntánẹ́ẹ̀tì há. Okùn méjì, ọwọ́ àwọn ọkùnrin, ẹ̀gbẹ́ pósí, kò lọ, kò bọ̀. Ìgbà tí àwòrán fi máa padà, wọ́n ti ń da iyẹ̀pẹ̀ lé e.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sígbà náà tí wọ́n ní kí n máà wá síbi iṣẹ́ mọ́, déètì pépà mi ti kọjá.

Jeremáyà 29:11 ni gbogbo èèyàn ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, pẹ̀lú àwòrán òdòdó àti oòrùn tó ń yọ: ẹsẹ tí Ọlọ́run ti ní èrò àlàáfíà lòun ń gbà sí wọn, láti fún wọn ní ọjọ́ iwájú àti ìrètí. Mo ka iye wọn dé mọ́kànlá kí n tó pa kíkà tì. Ẹnì kan tiẹ̀ ní Ọlọ́run fi hàn òun pé kí oṣù yẹn tó parí, gbogbo ẹ̀ á ti yanjú. Mo ṣe àmín. Oṣù parí. Òmíràn náà parí.

Arákùnrin kan láti ìjọ wá kí mi ní tiẹ̀, ó jókòó tì mí fún wákàtí kan, kò sọ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó ṣe mí lóore tó o. (Ọjọ́ méje ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù fi dákẹ́ tì í. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n ba nǹkan jẹ́.)

Ìbínú ni mo fi ṣí Bíbélì lóru ọjọ́ kan. Mo fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi dà mí láàmú yìí fún gan-an, mo wá bẹ̀rẹ̀ láti òkè orí náà. Àṣé lẹ́tà ni! Jeremáyà ló kọ ọ́ láti Jerúsálẹ́mù sí àwọn tí Nebukadinésárì kó lọ sí Bábílónì. Ẹsẹ 10 ló wá là mí lójú: ó di ìgbà tí àádọ́rin (70) ọdún bá pé. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gba lẹ́tà náà, ibẹ̀ ni wọ́n máa kú sí.

Mo ṣí i padà sí orí 28. Hananáyà ló wà níbẹ̀, wòlíì tó ní ọdún méjì péré, gbogbo ìgbèkùn á ti padà sílé. Ó bọ́ àjàgà igi, àmì ìsìnrú fún Bábílónì, lọ́rùn Jeremáyà, ó ṣẹ́ ẹ níwájú gbogbo èèyàn. Tí mo bá wà níbẹ̀, tiẹ̀ ni ǹ bá ṣe àmín sí. Ọdún yẹn náà ni Hananáyà kú.

Ohun tí lẹ́tà yẹn ní kí wọ́n máa ṣe ni pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n bímọ, kí wọ́n sì gbàdúrà fún ìlú tí wọ́n wà. Ti àdúrà yẹn ló há mi lọ́fun. Ìlú tí kò jẹ́ kí n lọ sin ìyá mi? Mo gbìyànjú ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ ò jáde. Mo wá mú ẹnì kan ṣoṣo, obìnrin tó máa ń wà lẹ́yìn gíláàsì níbi tí mo ti ń bèèrè pépà mi, tó máa ń ní kí n lọ dúró. Ojú rẹ̀ máa ń wú bí ojú ẹni tí kò sùn. Mo ní kí Ọlọ́run fún un ní oorun. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo tún un sọ.

Mo ṣì ń sunkún o. Lálẹ́ tí ó bá le jù, Sáàmù 88 ni mò ń kà. Òkùnkùn ló fi parí, kò sí halelúyà kankan nídìí ẹ̀, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì.

Pépà ò tíì dé. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti wà nínú yàrá yìí, àpótí mi méjì ṣì wà nílẹ̀ ní dídì, ara ògiri funfun báláú. Bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ni mo ṣe ń gbé. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo tú àpótí kejì, mo yọ fọ́tò màmá mi, mo lọ yá òòlù lọ́wọ́ aládùúgbò mi. Ó bi mí pé ṣé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé ni.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.