Ẹ́ńjìnnì 2000 nínú Alfa Bàámi, àti ọ̀rọ̀ dífù tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè

Ẹni tó bá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò Alfa Romeo Bàámi ní ṣọ́ọ̀bù mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi mí: "Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì wo lẹ kó sí i?" Bí mo bá ti dáhùn pé 2000 ni, wọ́n á mi orí, wọ́n á fọwọ́ pa ìdérí rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò lápá ẹ̀yìn, níbi tí dífù, gíà tó ń yí táyà ẹ̀yìn, wà. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn yẹn ló gba oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ mi.

GT 1300 Junior ni mọ́tò náà, ti ọdún 1971. Bàámi ń bá àwọn Òyìnbó Ìtálì tó ń ṣe títì ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ọ̀gá rẹ̀ kan ń padà lọ sílùú wọn, ó sì tà á fún un. Giugiaro, ará Ìtálì tó ń ya àwòrán mọ́tò, ló ya ara mọ́tò yìí nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Bertone, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ara mọ́tò; kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Mo ṣì máa ń dúró wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá tàn sí i lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Omi kànga la fi pa ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ rẹ̀, 1290 sísí, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 00530. Alumíníọ́ọ̀mù ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀ àti orí rẹ̀, omi lásán a sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi bu omi kànga sínú rédíétọ̀ láìmọ̀. Nígbà tí mo tú u, ibi tí omi ń gbà kọjá ti rí jágajàga bí etí aṣọ tí eku jẹ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n lọ ra Bẹ́ljíọ́ọ̀mù Toyota ní Àráròmí, ní Géètì, n'Ìbàdàn. Wọ́n ní ká gé ìjókòó ẹ́ńjìnnì, ká jó òmíràn mọ́ ọn, ká gé ọ̀pá tó lọ sẹ́yìn kó lè bá a mu. Fún tásíì, mo fara mọ́ ọn, èmi náà ti ṣe é fún oníbàárà púpọ̀, owó wọn sì ń wọlé títí di òní. Ṣùgbọ́n Alfa kò nílò rẹ̀. Láti ìgbà Giulietta ọdún 1954 ni wọ́n ti ń fẹ ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì kan náà lójú: 1290, 1570, 1779, títí dé 1962 sísí, èyí tí wọ́n ń pè ní 2000. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ibi tí kékeré jókòó sí, ẹ̀gbọ́n á jókòó síbẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni tan iná wẹ́dà.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Jámánì ló bá mi wá 00512, ìyẹn 2000, pẹ̀lú káburétọ̀ Weber méjì. Láti nǹkan bíi agbára ẹṣin 89, a bọ́ sí nǹkan bíi 131.

Mo gbé orí ẹ́ńjìnnì fún ṣọ́ọ̀bù kan pé kí wọ́n bá mi dè é, nítorí n kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láti igun ẹ̀yìn. Mo tú u fúnra mi. Òrùka rọ́bà kékeré tó yẹ kó yí ihò ọ́ìlì ká, wọn ò tilẹ̀ fi sí i. Mo wá wo àwọn sílíìfù, ìyẹn páìpù irin tí písítìnì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, ṣe la ti sílíìfù kọ̀ọ̀kan bọ inú búlọ́ọ̀kù, omi sì yí i ká. Etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ kọjá ojú búlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n bíńtín tí ojú kò lè rí ni. Mo nù ún mọ́ tónítóní, mo di ojú mi, mo fi èékánná àtàǹpàkò wọ́ ọ láti orí búlọ́ọ̀kù bọ́ sórí sílíìfù. Ti àkọ́kọ́ kọ́ mi léèékánná. Ìkejì kọ́ ọ, ìkẹta náà kọ́ ọ. Ní ìkẹrin, èékánná mi yọ̀ kọjá gẹ́gẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo yọ ọ́, mo tún ìdí rẹ̀ ṣe, mo sì tún gbogbo rẹ̀ dè láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kì í gbé orí ẹ́ńjìnnì Alfa fún ẹlòmíì mọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ gíà.

Ìyá mi lọ ata fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Ọjà Jagun, ẹ̀rọ rẹ̀ ni mo sì ti kọ́kọ́ mọ ohun tí gíà ń ṣe. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ náà kéré, púlì kékeré ló wà lẹ́nu rẹ̀, èyí tó wà lára ọlọ sì fẹ̀ gbàràgàdà. Ẹ́ńjìnnì á máa sáré, ọlọ á máa yí jẹ́jẹ́, ata gbígbẹ kò sì ní lè dá a dúró. Nígbà tí wọ́n ra ẹ́ńjìnnì tó tóbi, púlì ti tẹ́lẹ̀ ni wọ́n lò. Ariwo pọ̀, epo ń lọ, ata kò sì yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọjọ́ tí Màámi ní kí wọ́n fi púlì tó fẹ̀ díẹ̀ sẹ́nu ẹ́ńjìnnì ni iṣẹ́ tó yá.

Púlì yẹn náà ni dífù tó wà láàrin táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Nínú ti 1300, eyín 9 ló ń yí eyín 41, ìyẹn ni pé ọ̀pá tó ń bọ̀ láti iwájú á yí ní ìgbà 4.56 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Nínú 2000 GTV tí wọ́n kó jáde lọ́dún 1971, eyín 10 ló ń yí 41, ìyẹn 4.1. Mo fi 9 sí 41 sílẹ̀. Lójú mi, àwọn ará Ìtálì ṣe 10 sí 41 fún títì gbọọrọ tiwọn, wọn kò ro ti títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú kòtò àti tírélà.

Mo ṣìnà. Gíà kìn-ín-ní yóò ti tán kí n tó kúrò lẹ́nu géètì ilé. Bí ẹ́ńjìnnì bá yí ní ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan, nǹkan bíi kìlómítà 30 ní wákàtí kan ni mo wà, mo ti gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìkejì. Bẹ́ẹ̀, gíà kejì gan-an ni àìlera gíàbọ́ọ̀sì yìí. Òrùka tó ń bá a mú eré dọ́gba kì í pẹ́ jẹ, bí ọ́ìlì bá sì ṣì tutù, á ké gáráráá. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sábó nìkan, mo lè bọ́ sí ìkejì nígbà ogójì láàárọ̀. Mò ń fi ọwọ́ ara mi ba gíàbọ́ọ̀sì Bàámi jẹ́.

Nígbà tí dífù 10 sí 41 dé, mo dè é ní Sátidé, mo sì kọrí sí Ọ̀yọ́. Ní kìlómítà 100 lórí gíà karùn-ún, ẹ́ńjìnnì tó ń yí ní nǹkan bíi 3,150 tẹ́lẹ̀ wálẹ̀ sí nǹkan bíi 2,840. Mo lè gbọ́ ohùn ọmọ iṣẹ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìjẹ́ pé ó pariwo. Àmọ́ níbi tí títì ti ń gòkè kúrò ní Odò Ọbà ni mo ti gbà pé àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Tírélà kan wà níwájú mi, ó kó ẹrù àlùbọ́sà. Pẹ̀lú 1300, ìkejì ni mi ò bá padà sí. Lọ́jọ́ náà, mo dúró lórí ìkẹta, mo wò ó pé ọ̀nà mọ́, mo tẹ̀ ẹ́, ohùn Weber méjèèjì sì jinlẹ̀. A kọjá rẹ̀ láìfọwọ́ kan gíà.

Ẹ̀yin tó ń kọ̀wé sí mi pé ẹ fẹ́ ra dífù 10 sí 41 fún 1300 yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ́ńjìnnì yín kò ní lè fà á lórí òkè. Ẹ́ńjìnnì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá.

Mo ti rí sílíìfù tuntun fún 00530 báyìí, mo sì ń wá ẹni tó mọ alumíníọ́ọ̀mù jó dáadáa. Ó wà lábẹ́ tapólì ní igun ṣọ́ọ̀bù, dífù 9 sí 41 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fi wáyà so àwọn méjèèjì pọ̀ kí ọmọ iṣẹ́ kankan má baà ta ọ̀kan láìta èkejì.