Agbẹjọ́rò tó kọ́kọ́ béèrè nípa ọmọ mi

Ní ọjọ́ Ajé ni mo wọ ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kejì ní Ìjẹ̀bú-Òde lórí ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ èmi àti ọkọ mi àti ẹni tí ọmọ wa yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí pé ẹni tí mo kọ́kọ́ bá ní Ṣágámù kò tíì béèrè orúkọ ọmọ mi tó ti ń ṣèlérí pé a ó borí. Màmá àgbàlagbà kan ni ẹni kejì yìí. Ó bi mí bóyá ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù ni a ṣe tàbí ti ìbílẹ̀ nìkan, nítorí pé ilé ẹjọ́ gíga ló ń tú ti àkọ́kọ́ ká, tí kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ sì ń gbọ́ ti èkejì. Mo ní ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù ni. Ó ṣàlàyé pé òfin ọdún 1970 tó de irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ fi ire ọmọ ṣáájú ohun gbogbo, ó sì ní kí n kó rìsíìtì owó ilé ìwé àti káàdì ilé ìwòsàn ọmọ náà wá.

Nígbà tí mo sọ pé n kò fẹ́ kí bàbá rẹ̀ fojú kàn án mọ́, ó wò mí títí, ó ní: “Ọmọ mi, adájọ́ máa béèrè ìdí. Kí lo fẹ́ wí?”

Ẹkún gbọ̀n mí. Òun ni mo gbé ẹjọ́ náà fún.