Ìjàpá mi ní Leeds: iyọ̀ ló ń pa mọ́tò níbí, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì

Ẹni tó bá ti pẹ́ díẹ̀ nílùú òyìnbó yìí á ti rí i pé bó bá ti di November báyìí, káńsù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tírélà jáde lóru, wọ́n á máa fọ́n iyọ̀ sójú títì kó má baà di yìnyín. Ó dáa fún àwa tí à ń wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ o, àmọ́ irin ló ń jìyà ẹ̀. Èmi ò ka iyọ̀ yẹn sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí mo lọ ra Ìjàpá.

Volkswagen Beetle ni o, Ìjàpá tí gbogbo wa mọ̀, irú tí wọ́n ń pè ní 1300, ọdún 1972 ni wọ́n ṣe é, inú abà àgbẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú ni wọ́n gbé e jù sí, àwọn ọmọ olóko náà ò rántí ìgbà tó rìn kẹ́yìn, adìyẹ ti sọ ìjókòó ẹ̀yìn di ilé. Mi ò sì tú mọ́tò rí láyé mi, táyà nìkan ni mo mọ̀ ọ́n pààrọ̀. Gbogbo ẹni tí mo fi fọ́tò ẹ̀ hàn ló ń bi mí pé "ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ńkọ́?", ẹ́ńjìnnì sì rèé, kò kúkú yọ mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Nílé, ohun tó ń pa mọ́tò ni kòtò ojú títì, epo àdàlù, àti ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì tó ń fi mọ́tò ẹni kọ́ṣẹ́. Bọ́dì ẹ̀ lè lo ogójì ọdún nínú oòrùn kó ṣì le koko, ẹ́ńjìnnì á ti kú lẹ́ẹ̀mẹta. Níbí, ọ̀tọ̀ ni. Ẹ́ńjìnnì á jókòó pẹ̀sẹ̀, ìsàlẹ̀ mọ́tò á ti jẹrà.

Kí ló wá gbé mi débẹ̀? Bàbá mi ní tiwọn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Tíṣà ni wọ́n, owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́, ni wọ́n fi kún ohun tí wọ́n ti tù jọ, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà yẹn ló fi owó náà ra mọ́tò, ọdún 1975 náà sì ni iléeṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá lọ́nà Àgbádárìgì l'Ékòó. Tá a bá ń lọ sí Ifẹ̀ láti Ìbàdàn, a máa ń rí àwọn mọ́tò ńláńlá tí wọ́n ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá títì, omi ń hó nínú rédíétọ̀, àwa á sì máa kọjá lọ pẹ̀lú ariwo wa, torí Ìjàpá ò ní rédíétọ̀ rárá, afẹ́fẹ́ ni fáànù ẹ̀ fi ń tu ẹ́ńjìnnì nínú. Bàbá mi ò ní sọ nǹkan kan, wọ́n á kàn fọn fèrè.

Ìwé mọ́tò ni mo bẹ̀rù jù, kò sì le. Mọ́tò tó bá ti lé ní ogójì ọdún níbí kì í san owó road tax mọ́, àmọ́ o gbọ́dọ̀ lọ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ pé historic, mọ́tò àtijọ́, ni, kì í ṣe pé ẹ̀yin kàn máa gbé e jáde. Tí ẹ ò bá tíì tún un dà kọjá bó ṣe wà, MOT, àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún, ò pọn dandan fún un, ULEZ ti Lọ́ńdọ̀nù, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mọ́tò tí èéfín ẹ̀ pọ̀, náà ò kàn án. Bó bá ṣì wà ní gáréèjì, ẹ ṣe SORN, ìyẹn ni pé ẹ sọ fún ìjọba pé kò sí lójú títì, ó tán.

Ó ku iṣẹ́. Mo pe Bọ̀dá lórí WhatsApp. Ọ̀dọ̀ bàbá ẹ̀ ni wọ́n ti ń tún Ìjàpá tiwa ṣe ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, òun náà ti di ọ̀gá ńlá báyìí. Mo yí fóònù sí ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá."

"Ìwọ náà kú òtútù. Mú kọ́kọ́rọ́ yẹn kúrò níbẹ̀. Mo mọ̀ ẹ́, ohùn ẹ̀ lo fẹ́ gbọ́. Yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, rọ ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kó o lọ sùn. Tílẹ̀ bá mọ́, ọwọ́ ni kó o fi yí i, má fi sítáátà yí i o."

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe. Nọ́ọ̀tì kan wà ní iwájú dáínámò, sípánà 21 ló wọ̀ ọ́, tí ẹ bá yí i, bẹ́líìtì á fa gbogbo ẹ́ńjìnnì lọ. Ó kọ́kọ́ dì pa, mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn, ó ṣe fìì, ọ́ìlì dúdú tú jáde lójú ihò plọ́ọ̀gì, ó sì ń yí. Bọ̀dá ní kí n tún un yí kí òun gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ́ìlì tuntun, lítà méjì ààbọ̀ péré ló ń gbà, kò ní fítà, asẹ́ kékeré kan ló wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń yọ fọ̀. Fáàfù ẹ̀, àlàfo 0.15 mm, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Kọ́ńtàkì sẹ́ẹ̀tì tuntun, bẹ́líìtì tuntun. Èyí tí mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá mi ṣàwàdà nípa ẹ̀ ni rọ́bà tí epo ń gbà kọjá. Láti September 2021, E10, tí wọ́n po ethanol (ọtí) tó tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún mọ́, ni pẹtiróòlù tí wọ́n ń tà káàkiri níbí, ethanol yẹn máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́, á rọ̀, á sì là, orí ẹ́ńjìnnì gbígbóná ni Ìjàpá sì gbé rọ́bà yẹn gbà, magnesium ló pọ̀ nínú irin ẹ́ńjìnnì ẹ̀ náà, tí ìyẹn bá gbiná, omi kì í pa á. Gbogbo ẹ̀ ni mo pààrọ̀, super tó jẹ́ E5, tí ethanol inú ẹ̀ kéré, ni mo sì ń rà.

Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ mọ́tò. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé bátìrì Ìjàpá sí, ásíìdì ẹ̀ ti ń kán síbẹ̀ látọdúnmọ́dún, mo fi ojú súkúrúdíráfà kàn án pẹ́rẹ́, ó wọlé, mo sì rí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ gáréèjì láti inú mọ́tò. Mo tún lọ sábẹ́ ilẹ̀kùn. Irin gígùn kan wà níbẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, ihò wà nínú ẹ̀, òun ni atẹ́gùn gbígbóná láti ẹ̀yìn ń gbà wá síwájú nígbà òtútù, òun náà ló tún gbé bọ́dì dúró. Tí ẹ bá gé e láìkọ́kọ́ fi irin míì ti inú mọ́tò, bọ́dì á tẹ̀, ilẹ̀kùn ò ní pa dé mọ́ láéláé. Iyọ̀ ti jẹ méjèèjì. Wẹ́dà ni mo gbé ìyẹn fún, owó tí mo sì fi ra mọ́tò ò tó ìdajì ohun tó gbà. Mi ò bínú sí i, ọ̀nà tó gbà jó irin yẹn pọ̀ mọ́, ẹ ò ní mọ ojú ibẹ̀.

Táyà ẹ̀yìn náà ní tiẹ̀. Nọ́ọ̀tì 36 ló di dúrọ́ọ̀mù bírẹ́ẹ̀kì mú, wọ́n máa ń fún un débi pé agbára ọwọ́ ò lè tú u. Bàbá òyìnbó tó ń gbé ilé kejì sí wa gbé páìpù gígùn kan wá, a fi bọ ẹnu sípánà, àwa méjèèjì jókòó lé e. Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé, ó ní ṣé kí òun lọ wá ajá fún Ògún ni. Mo ní kó rọra sọ ọ́, ajá bàbá yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Ó tú sha. Ó dún gbàù, a fẹ́ẹ̀ ṣubú.

Ọjọ́ tó sítáátì, mo gbé fóònù sílẹ̀ fún Bọ̀dá, ó gbọ́ ọ títí, ó ní fáàfù kan ṣì ń ké, kí n padà lọ wọ̀n ọ́n. Òótọ́ sì ni, nọ́ńbà mẹ́ta ni, báwo ló ṣe gbọ́ ọ láti Ìbàdàn èmi ò mọ̀.

Bí MOT ò tiẹ̀ pọn dandan, mo gbé e lọ, torí bírẹ́ẹ̀kì tí ọwọ́ èmi alákọ̀ọ́kọ́ṣe fi ṣe, mo fẹ́ kí ẹlòmíì wò ó kí n tó gbé ọmọ sínú ẹ̀. Ó pass, wọ́n kàn kọ ọ́ pé rọ́bà kan nídìí sítíà ti ń gbó. Ọmọ mi obìnrin ò bá mi yọ̀ nítorí ìyẹn o, ohun tó yà á lẹ́nu ni pé afẹ́fẹ́ inú sípíà táyà ló ń ti omi tó ń fọ gíláàsì iwájú. Ó fọ gíláàsì yẹn títí táyà fi fẹ́ẹ̀ rọ̀.

Iyọ̀ ìgbà òtútù ni kò ní rí, torí bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n iyọ̀, gáréèjì ni Ìjàpá máa wà títí di April. Ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì ṣì ń jò tí òjò bá rọ̀. Mo ti order rọ́bà ẹ̀, wọ́n ní ó ń bọ̀ láti Jámánì, tí ẹnikẹ́ni bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á ní ẹ̀dínwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ.